Ṣé irọ́ ni nọ́mbà yẹn ni? Ọ̀rọ̀ Yogyakarta, Papua, àti àbúrò tó fẹ́ lọ kàwé

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ní kí n dá a lóhùn níbi tí gbogbo yín á ti rí i, torí kì í ṣe òun nìkan ló máa ń bi mí. Ohun tó kọ rèé: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin rí sukọ́láṣípù gbà láti lọ ṣe másítàsì ní Yogyakarta ní Indonésíà, gbogbo wa ń yọ̀, àfi bí màmá wa ṣe rí fídíò Papua lórí fóònù, àwọn ọmọ tó rù kan eegun, ilé-ìwé tí kò sí tíṣà, ìbọn ń dún. Màmá ní òun ò bímọ fún irú ibẹ̀ yẹn. Èmi wá lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé wọ́n ka Indonésíà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè ọmọnìyàn wọn ga. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ṣé irọ́ ni nọ́mbà yẹn ni, àbí fídíò ló ń parọ́? Mo tún gbọ́ pé wúrà pọ̀ gan-an ní Papua yẹn, kí ló wá dé tí ìṣẹ́ fi ń ṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀?"

Àbúrò mi, kọ́kọ́ bá mi kí màmá. Sọ fún wọn pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán, kò sí ìyá tó máa rí ohun tí wọ́n rí tí àyà rẹ̀ ò ní já, ṣùgbọ́n Papua tí wọ́n rí nínú fídíò yẹn, tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn Indonésíà, àti ibi tí ọmọ wọn ń lọ fi ohun tó lé ní 3,000 kìlómítà jìnnà síra, òkun ló sì wà láàárín. Indonésíà kì í ṣe ilẹ̀ kan gbalaja bíi tiwa, erékùṣù ni, ó lé ní 17,000, téèyàn bá gbéra ní Sabang ní ìwọ̀ oòrùn tó ń lọ sí Merauke ní ìlà oòrùn, bí ẹni tó gbéra l'Ékòó tó ń lọ London ni. Ọdún márùn-ún ni mo lò ní Yogyakarta, bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbé ayé wọn ni mo lọ kọ́, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Wamena, láàárín àwọn òkè Papua, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ilé-ìwé. Mo fojú ara mi rí ibi méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ fún ẹ pé nọ́mbà yẹn ò parọ́, fídíò náà ò sì parọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́mbà yẹn ń sọ. Ní 1990 ni UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè (UN), kọ́kọ́ gbé ohun tí wọ́n ń pè ní HDI jáde, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìdàgbàsókè ọmọnìyàn, Mahbub ul Haq ọmọ Pakísítáánì ló ṣáájú iṣẹ́ náà, ohun tó sì ń sọ ni pé kò yẹ kó jẹ́ owó nìkan la ó máa fi díwọ̀n orílẹ̀-èdè. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀ níbẹ̀, iye ọdún tí ọmọ tí wọ́n bí lónìí ṣeé ṣe kó lò láyé, ìwé tí àwọn èèyàn kà àti èyí tí ọmọdé ṣì máa kà, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. BPS, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn àti ohun gbogbo ní Indonésíà, máa ń ṣe irú ẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti fún kabupaten kọ̀ọ̀kan, kabupaten yẹn ni kó o fi wé ìjọba ìbílẹ̀, 100 ni òǹkà ẹ̀ parí sí. Lọ́dún 2020 gbogbo Indonésíà lápapọ̀ gba 71.94, bó bá sì ti tó 70 wọ́n á ní ó ga nìyẹn, ibi tí ohun tó o kà ti wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n tú inú nọ́mbà yẹn wò o. Jakarta gba 80.77, Yogyakarta tí àbúrò ẹ ń lọ gba 79.97, Papua gba 60.44. Tí èèyàn méjì bá ń gbé ilé kan náà, tí ọ̀kan jẹ ẹran mẹ́wàá tí èkejì ò fẹnu kan nǹkan kan, ẹni tó ń ṣírò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹran márùn-ún márùn-ún ni wọ́n jẹ. Nínú èèyàn bíi mílíọ̀nù 270 tí wọ́n kà ní 2020, ó ju ìdajì lọ tó ń gbé erékùṣù Java nìkan, níbi tí Jakarta àti Yogyakarta wà, Papua ò ju mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kí ni ebi tó ń pa wọ́n lórí òkè níbẹ̀ fẹ́ ṣe fún nọ́mbà gbogbo orílẹ̀-èdè?

Ohun tó tún máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n á gbà pé Java ni ibi ire, Papua ni ibi ìyà, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 2020 kan náà yẹn, ìlú Jayapura tó jẹ́ olú-ìlú Papua gba bíi 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Yogyakarta dọ́gba, àmọ́ Nduga tó wà lórí òkè ní Papua kan náà gba 31.55. Ṣé o rí i, ìyàtọ̀ tó wà nínú Papua fúnra ẹ̀ ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín Papua àti Jakarta lọ ní ìlọ́po méjì. Ní apá Java náà, ìlú Surabaya gba ju 82 lọ, Sampang tó wà ní Madura, erékùṣù kékeré ẹ̀gbẹ́ Java, ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 62 ni. Ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí nọ́mbà yẹn kì í sọ, òun ló sì ń dùn mí jù: àwọn tó ń gbé Jayapura, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Papua, àwọn tó wá láti Java àti Sulawesi ni, wọ́n ti kàwé kí wọ́n tó dé, àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù, àwọn ló pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Tó o bá dé ọjà níbẹ̀ wàá rí àwọn màmá ọmọ Papua tí wọ́n tẹ́ àpò sílẹ̀, tí wọ́n to ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún sórí ẹ̀, wọ́n jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní páànù lókè ni àjèjì. Nọ́mbà ìlú pò wọ́n pọ̀ ni. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé Jayapura ti gòkè, bi í léèrè pé ta ló gòkè níbẹ̀.

Yogyakarta ńkọ́? Ìtàn tó yẹ kí màmá gbọ́ wà níbẹ̀, torí wọ́n lè máa rò pé owó ló pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí owó níbẹ̀. Ní September 2020 èèyàn 12.80 nínú 100 ni tálákà ní Yogyakarta, ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 10.19, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí níbẹ̀ sì wà lára àwọn tó rẹlẹ̀ jù ní gbogbo Indonésíà. Báwo ló ṣe wá wà ní ipò kejì, Jakarta nìkan ló ga jù ú lọ? Ẹ̀mí gígùn àti ìwé ni. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 2020, wọ́n ń retí kó lò tó ọdún 75, ti Papua ò pé 66 nígbà yẹn. Yunifásítì Gadjah Mada ti wà níbẹ̀ láti 1949, àwọn míì yí i ká, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ilé tí mo rẹ́ǹtì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù làwọn obìnrin àdúgbò máa ń pé jọ sí gbàgede kan fún ohun tí wọ́n ń pè ní posyandu. Wọ́n á so òṣùwọ̀n mọ́ igi òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sínú aṣọ tó rọ̀ dirodiro lábẹ́ ẹ̀, ọmọ á máa ké, obìnrin kan tó ń gbé àdúgbò kan náà á ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ, á fi báírò kọ ọ́ sórí káàdì tó ní ilà aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè àti ilà pupa, tí ọmọ bá ti ń lọ sọ́nà ilà pupa, wọ́n á bá ìyá ẹ̀ délé lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọn ò ní dúró dìgbà tó máa ṣàìsàn. Àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọn ò gbowó oṣù, àmọ́ wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n mọ ọmọ tí kò wá. Tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á pín ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé olómi dídùn fún àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bu tèmi fún mi.

Kí n wá mú ẹ dé Wamena. Ọkọ̀ òfuurufú ni mo bá dé ibẹ̀ láti Sentani lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jayapura, ohun tó pọ̀ jù ló sì ń bá ọkọ̀ òfuurufú wọ ibẹ̀ nígbà yẹn, ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì, páànù, epo, oògùn. Mo rí báálù akẹ́rù tó já àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin, torí iye tí àpò kan máa jẹ́ tó bá kúrò níbẹ̀ lọ sí abúlé tó wà lẹ́yìn òkè, ẹni tó wà ní Java ò lè gbà á gbọ́. Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ètò pé iye kan náà ni kí wọ́n máa ta epo káàkiri orílẹ̀-èdè lóṣù October 2016, àwọn ibì kan lórí òkè níbẹ̀ ń ra lítà pẹtiróòlù ju 50,000 rupiah lọ, nígbà tí ti Java ò ju nǹkan bíi 6,500 lọ. Tí màmá bá ń ṣòwò, á yé wọn kíá: ibi tí ẹrù bá ti wọ́n báyìí, owó tí wọ́n bá fi kọ́ ilé-ìwé kan ní Java ò lè kọ́ yàrá kan níbẹ̀. Ìdí kìíní nìyẹn. Ìdí kejì ni pé ọwọ́ Dọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn ará Netherlands, ni Papua wà títí di 1962, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Indonésíà ní 1963, nígbà tí Java ti ní ilé-ìwé, ọ̀nà àti réluwéè tipẹ́, orí òkè Papua kò tíì ní nǹkan kan bí irú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n jíjìnnà àti ìtàn nìkan ò tó láti ṣàlàyé ẹ̀, ibí yìí ni mo fẹ́ kó o tẹ́tí sí dáadáa. Láàárín 1973 sí 1978 ìjọba Ààrẹ Soeharto fi owó epo rọ̀bì kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 61,000 káàkiri orílẹ̀-èdè, Esther Duflo tó wà lára àwọn tó gba Nobel ní 2019 ṣèwádìí lórí ẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ọmọ tó jàǹfààní ẹ̀ kàwé sí i, owó tí wọ́n ń gbà tí wọ́n dàgbà náà pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé kíkọ́ ilé-ìwé ń ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ ilé ò lè kọ́ ọmọ níwèé. Ní 2012 wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Papua, wọ́n yọ sí àwọn ilé-ìwé láì sọ tẹ́lẹ̀, bíi tíṣà kan nínú mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀, lórí àwọn òkè ó sún mọ́ ìdajì. Èmi náà dé ilé-ìwé kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, ọ̀dà ara ẹ̀ ò tíì ṣí, àga wà, pátákó wà, ọmọ bíi ogójì jókòó, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ ló dúró níwájú tó ń kọ́ àwọn yòókù ní Á, B, D. Àwọn tíṣà wà ní Wamena, ibẹ̀ ni báńkì wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó oṣù, tí wọ́n bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á, ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà lè gba ìdajì owó yẹn. Mi ò lè bú wọn tán. Ẹni tó láya tó lọ́mọ, tí ilé tí wọ́n fún un ò ní omi, tí ìjà sì lè bẹ́ lọ́jọ́ kan, kí lo fẹ́ kó ṣe? Nduga tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, December 2018 ni wọ́n pa àwọn tó ń ṣe ọ̀nà níbẹ̀, àwọn sójà wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá kúrò nílé, ilé-ìwé tì. Ní February 2023 àwọn ajìjàgbara jí awakọ̀ òfuurufú ọmọ New Zealand kan gbé níbẹ̀, September 2024 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Tí awakọ̀ òfuurufú bá sì ti ń bẹ̀rù àtibalẹ̀, oògùn ò ní balẹ̀ nìyẹn. Ọdún ìwé tí àgbàlagbà Nduga kà, tí wọ́n bá pín in dọ́gba, kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ nígbà tí wọ́n kà á ní 2020, òun ló fa nọ́mbà wọn walẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlera náà ò yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 àrùn éèyi àti àìjẹunkánú pa ọmọdé tó lé ní 70 ní Asmat, ní ẹ̀bá omi gúúsù Papua. Éèyi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ti pẹ́ tó ti ní, ẹni tó máa gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi dé abúlé ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ wúrà wá kù. Òótọ́ ni, Grasberg, ibi ìwakùsà kan lórí òkè Papua tí wọ́n rí ní 1988, wà lára ibi tí wúrà pọ̀ sí jù láyé, bàbà tún wà níbẹ̀. Ọdún 1967 ni Indonésíà ti bá ilé-iṣẹ́ Freeport ti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ̀wé lórí ìwakùsà agbègbè yẹn, ìyẹn ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó ṣe ìdìbò 1969 tí wọ́n fi ní àwọn ará Papua gbà láti wà lábẹ́ Indonésíà, àwọn tí wọ́n ṣà láti dìbò ò ju bíi 1,000 lọ. Ìgbà tí wọ́n ń dúnàádúrà, àwọn onílẹ̀ ò sí níbẹ̀. Láti òpin 2018 ìjọba Indonésíà ló ni ìdá 51 nínú 100 níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wúrà yẹn ò lè gbé nọ́mbà ìdàgbàsókè ga bí wọ́n ṣe ń rò, torí BPS kì í lo iye ohun tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú agbolé ń ná ni wọ́n ń lò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Wúrà tó bá páìpù sọ̀ kalẹ̀ òkè tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kò gba ilé ìdáná ẹnikẹ́ni kọjá.

Ṣé ìjọba ò wá ṣe nǹkan kan ni? Wọ́n ṣe o. Òfin ọdún 2001 fún Papua ní owó pàtàkì, ìdá 2 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀, ní 2021 wọ́n sọ ọ́ di 2.25. Wọ́n ń la ọ̀nà gba inú igbó àti òkè. Ní 2022 wọ́n pín Papua sí wẹ́wẹ́, ìpínlẹ̀ Indonésíà sì di 38. Mo ti jókòó ro ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan yìí. Ọ̀nà dáa, ó máa dín iye ọjà kù, àmọ́ ọ̀nà yẹn náà ló ń gbé sójà wọlé, òun náà ni àwọn oníṣòwò àjèjì ń gbà dé, àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ fún mi létí ara mi, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi já wọn nírọ́. Ìpínlẹ̀ tuntun sún ọ́fíìsì mọ́ àwọn èèyàn, àmọ́ gómìnà tuntun túmọ̀ sí ilé gómìnà, mọ́tò gómìnà, àwọn akọ̀wé, kí owó tó kan ilé ìwòsàn ó ti tán lọ́nà, Nduga fúnra ẹ̀ di kabupaten ní 2008, ibi tó wà ní 2020 nìyẹn. Èyí tí mo gbà gbọ́ jù ni pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ orí òkè yẹn fúnra wọn láti di tíṣà àti nọ́ọ̀sì, kí wọ́n kọ́ ọmọdé ní èdè tó gbọ́ kó tó dé orí èdè Indonésíà, torí ẹni tí ìyá ẹ̀ ń gbé abúlé yẹn ò ní sá lọ sí ìlú lọ́jọ́ tó bá gbowó oṣù. Àìdáa tiẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́, ó máa tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé lónìí tó di nọ́ọ̀sì, níbi tí ìbọn bá sì ti ń dún, kò sí ètò kankan tó máa dúró.

Wọ́n ń gòkè o, mi ò fẹ́ kó o rò pé ibì kan náà ni wọ́n wà. Papua gba 54.45 ní 2010, ó di 60.44 ní 2020, Jakarta gba 76.31 ní 2010, ó di 80.77. Ìyẹn ni pé Papua yára ju Jakarta lọ. Àmọ́ fi báírò ṣírò ẹ̀ wò: ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 21.86, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó ṣì jẹ́ 20.33. Bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe máa rìn lọ nìyẹn, ó máa ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó bára wọn. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Á, B, D yẹn, ọmọ-ọmọ ẹ̀ á ti darúgbó.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ màmá. Jẹ́ kí àbúrò ẹ lọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi mí nípa Yogyakarta ni òkè Merapi, òkè iná ni, ó wà ní àríwá ìlú, ó bú gbàmù ní 2010, ó pa èèyàn tó lé ní 300, ilẹ̀ sì mì ní 2006, ó pa ju 5,000 lọ, kò sí ibi tí nọ́mbà ìdàgbàsókè ti kọ ìyẹn sílẹ̀. Kó má rẹ́ǹtì ilé sókè níbi tó sún mọ́ òkè náà, kó wá ilé sí gúúsù yunifásítì kó sì jẹ́ ọ̀kan tí wọ́n kọ́ tàbí tún kọ́ lẹ́yìn 2006, kó sì mọ ibi tó máa sá gbà tí ilẹ̀ bá mì. Owó sukọ́láṣípù yẹn á tó o, oúnjẹ ò wọ́n, ní angkringan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì lálẹ́, ìrẹsì kékeré tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé pẹ̀lú ata àti ẹja wẹ́wẹ́, tó bá jẹ mẹ́ta ó ti yó. Ó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Papua pàdé níbẹ̀, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń wò wá bí ará torí dúdú tí àwa náà dú. Kó jókòó tì wọ́n, kó bi wọ́n léèrè ilé wọn, wọ́n máa sọ fún un ju ohun tí mo lè kọ síbí lọ. Tí màmá bá ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn mi, mo wà nílé lálẹ́ ọjọ́ Sunday, kí wọ́n pè mí.